Oòrùn Tí A Sẹ́: Ìwé Ìwádìí Bọ́lájókòó Olúsànyà lórí Ibà Pọ́njú Ìkókó

Ní ọdún 2015, New England Journal of Medicine, jọ́nà ìṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ oníwádìí ń fi gbogbo ayé wọn lé tí wọn kì í bá, tẹ ìwé ìwádìí kan jáde tí kókó rẹ̀ jẹ́ oòrùn Èkó. Kò sí oògùn tuntun nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ olówó gọbọi. Oòrùn tó ń ràn sórí gbogbo wa ni, tí wọ́n fi ọ̀rá tíǹtì, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀, sẹ́ kí ó tó dé ara ìkókó. Ọmọ 447 ni wọ́n fi ṣe ìdánwò náà. Orúkọ Tina Slusher, dókítà ọmọdé ará Amẹ́ríkà, ló ṣáájú lára àwọn tó kọ ọ́. Orúkọ Bọ́lájókòó Olúsànyà, dókítà ọmọdé ọmọ Nàìjíríà tó dá Centre for Healthy Start Initiative sílẹ̀ ní Èkó, ló tẹ̀lé e.

Ẹni tó bá ka ìwé yẹn nìkan yóò gbádùn rẹ̀, yóò sì gbé e sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a kà á pọ̀ mọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ àti àwọn tó tẹ̀lé e, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ Olúsànyà ti hàn jù. Ìwé kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ kì í parí ọ̀rọ̀. Á dáhùn ìbéèrè kan, á sì fi òmíràn sílẹ̀ ní gbangba, ìwé tó kàn á sì wá gbé e. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì mọ iṣẹ́ púpọ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ wa tí okùn rẹ̀ gùn tó báyìí láìjá.

Àwa ará Kúta, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ìdí pàtàkì láti mọ̀ ọ́n. Ìwó ni ìlú ńlá ẹ̀gbẹ́ wa, Yunifásítì Bowen sì ti wà níbẹ̀ láti 2001. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni yunifásítì náà kò sí ní Ìwó. Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, ibi tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá iṣẹ́ ìwòsàn sílẹ̀ ní 1907. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdánwò oòrùn ńlá kejì, èyí tó le ju ti Èkó lọ. Ọmọ àwọn ará agbègbè wa wà nínú ẹ̀rí tí gbogbo ayé ń kà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Gbogbo abiyamọ ló mọ ibà pọ́njú. Wọ́n á gbé ọmọ délé tán, bí ó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹyinjú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, awọ ara rẹ̀ á sì tẹ̀lé e. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa gbó, a sì máa fọ́. Nínú fífọ́ wọn ni èròjà kan ti ń jáde tí àwọn dókítà ń pè ní bilirúbìn, òun ló ń pa ojú àti ara láró. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà a máa tètè palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ìkókó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà ni. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, nǹkan a bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láìsí wàhálà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá wá ń fọ́ ju bí ẹ̀dọ̀ ṣe lè kó o lọ, bilirúbìn á kún àkúnya, á sì wọ inú ọpọlọ. Ibi tó máa ń bà jẹ́ jù níbẹ̀ ni ibi tó ń darí bí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ọrùn ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ọ̀nà tí ìró ń gbà láti etí dé inú ọpọlọ. Ọmọ náà á kọ ọmú. Ara rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn náà á le gbagidi, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀, igbe rẹ̀ á ga, á sì tín-ín-rín. Gìrì lè mú un. Èyí tí kò bá kú nínú wọn lè dàgbà láìlè jókòó, láìlè fi ọwọ́ mú ṣíbí, kó sì tún di adití, bẹ́ẹ̀ làákàyè rẹ̀ sì lè pé pérépéré nínú ara tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kernicterus ni àwọn dókítà ń pe ìpalára yìí. Ní àwọn ilẹ̀ tó lówó, dókítà lè ṣiṣẹ́ títí kó má rí ẹyọ kan. Ní ilẹ̀ wa, ẹ lọ bi èyíkéyìí nínú àwọn dókítà tó ń tọ́jú ìkókó.

Etí ni Olúsànyà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú tó pọ́n. Iṣẹ́ àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn ló kọ́kọ́ mú un lọ́wọ́, iṣẹ́ náà ló sì gbé e dé University College London níbi tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 2006, òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ Okolo tẹ ìwé kan jáde tí mo kà sí gbòǹgbò ohun gbogbo tó tẹ̀lé e. Wọ́n bi òbí àwọn ọmọ adití léèrè bí ìbí ọmọ wọn ṣe lọ, wọ́n sì fi ìdáhùn wọn wé ti òbí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn. Ohun mẹ́rin ló fara hàn: ọmọ tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i, ìrọbí tó le, ibà pọ́njú, àti gìrì ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ láyé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni. Ọmọ tí wọ́n ń mú wá fún dókítà etí ní ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láyé ni ó ti fara gba ọgbẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti ń rìn padà sẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ títí dé orí ẹní ìkókó.

Ìwé 2008 tó wà nínú jọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí òun pẹ̀lú Sheila Wirz àti Linda Luxon jọ kọ. Wọ́n fẹ́ yẹ etí àwọn ọmọ tuntun wò ní Èkó. Àwọn ará òkèèrè a máa ṣe é ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, kí ìyá tó kúrò. Olúsànyà mọ ìlú rẹ̀: ọ̀pọ̀ ìyá ló ń bímọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀, sí ilé àdúrà, tàbí sínú yàrá ara wọn. Bí o bá dúró dè wọ́n ní wọ́ọ̀dù, o ò ní rí wọn. Àmọ́ ìyá tó bímọ sí ilé àdúrà náà á gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG. Nítorí náà, ibi abẹ́rẹ́ BCG mẹ́rin ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìyẹ̀wò etí lọ. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ wa, tí wọ́n á ka àwọn tó dé ilé ìwòsàn nìkan tí wọ́n á sì pè é ní ìlú, á mọ iyì ìpinnu yẹn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ẹ̀rọ ní kí wọ́n padà wá fún ìyẹ̀wò kò padà wá. Wọn kò fi pamọ́.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí ibà pọ́njú gan-an. Nínú àwọn ọmọ tó ju 5,000 lọ ní Èkó, wọ́n wá àwọn tí ibà náà ti mú gan-an, wọ́n sì wo ohun tí ẹ̀rọ sọ nípa etí wọn. Àwọn tí wọ́n ti pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn wà níbẹ̀. Pípàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí, wọ́n á máa fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, títí bilirúbìn á fi wálẹ̀. Iṣẹ́ eléwu ni, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì le fún ìyá tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ní àwọn ilẹ̀ olówó, ọ̀pọ̀ dókítà ọmọdé kò tíì fọwọ́ ara wọn ṣe é rí.

Mo gbọ́dọ̀ dúró níbí kí n dárúkọ àwọn tó ti gbin oko yìí ṣáájú rẹ̀, nítorí òun náà a máa dárúkọ wọn. Ní Ìbàdàn, ní 1961, Gilles àti Taylor kọ̀wé pé àìtó èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Èròjà yìí ló ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹni tí kò bá ní i tó, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á máa fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ohun tó lágbára bá kàn án. Láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín Yorùbá ló sì wà bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ayé wọn láìmọ̀. Ní Ifẹ̀, ní 1989, J. A. Owa tẹ ìwé kan tó so àìtó yìí pọ̀ mọ́ àwọn ohun tí a ń kó sí àyíká ìkókó: káńfọ̀ tí a ń jù sáàárín aṣọ ọmọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, àti pàúdà oníméńtọ́ọ̀lù tí a ń kùn ún lára. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà, ọgbọ̀n ọdún sì ti kọjá. Síbẹ̀ ẹ lọ sí ọjà èyíkéyìí lónìí, ẹ ó rí aṣọ ọmọ tuntun tó ń rùn fún káńfọ̀.

Slusher náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ ní Nàìjíríà kí òun àti Olúsànyà tó pàdé lórí ìwé. Ní 1995, òun àti àwọn ẹlòmíràn fi hàn pé àìtó G6PD bá ikú àti ìpalára ọpọlọ lọ lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ibà pọ́njú mú. Nígbà tí wọ́n wá pàdé, ẹni tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ lórí ibùsùn àti ẹni tó ti ń ka wọn káàkiri àdúgbò ló pàdé.

Ní 2015, Olúsànyà, Osibanjo àti Slusher kó gbogbo ìwádìí tí wọ́n rí láti àwọn ilẹ̀ tí kò lówó púpọ̀ jọ, wọ́n sì bi wọ́n pé: ọmọ wo ni ibà yìí máa ń pa lára jù? Àìtó G6PD wà lára ìdáhùn náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ìyá tí kò bá ti ọmọ mu, àkọ́bí, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, àti ọmọ tí àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Irú ìwé báyìí kì í dùn ún kà. Táblì lórí táblì ni. Àmọ́ òun ni nọ́ọ̀sì lè fi pinnu ọmọ tí kò yẹ kó lọ sílé láìjẹ́ pé wọ́n dá ọjọ́ fún un láti padà wá.

Ìwé tó wú mi lórí jù nínú ẹ̀ka yìí kò gbajúmọ̀ tó ti oòrùn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ iwájú orí tàbí àyà ọmọ, tí á sọ iye bilirúbìn láìfa ẹ̀jẹ̀. Àwọn ará òkèèrè ló ṣe é, wọ́n sì ń tà á fún gbogbo ayé. Olúsànyà, Imosemi àti Emokpae bèèrè ohun tó yẹ kí ẹni tó tà á ti bèèrè: ṣé ohun kan náà ló ń sọ lára ọmọ aláwọ̀ dúdú? Wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan náà wọ̀n ní ilé ìdánwò. Ìwé náà jáde ní Pediatrics ní 2016. Nínú ju ìdajì àwọn ọmọ náà, ẹ̀rọ sọ pé bilirúbìn fi miligíráámù méjì nínú désílítà kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pọ̀ ju bí ó ti wà gan-an. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé miligíráámù méjì kéré. Òun ló lè ya ọmọ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ tí wọ́n gbé sábẹ́ iná, tàbí èyí tí wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín sí ìdodo rẹ̀ láti pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Mo ka ìwé náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí bí ó ṣe fara balẹ̀. Kò kígbe pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Kò sì sọ pé kí a da ẹ̀rọ nù. Ó fi hàn pé ẹ̀rọ náà wúlò láti mọ ọmọ tí kò séwu fún, àmọ́ kí a má fi òun nìkan ṣe ìpinnu ńlá.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ olówó ńlá, ó kọjá sí ohun tí ìyá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ní 2017, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí pátákó kékeré tó ní àwọ̀ méjì péré. Ìyá á tẹ imú ọmọ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ kúrò níbẹ̀, á sì wò ó bóyá àwọ̀ tó fúyẹ́ ni awọ ọmọ bá mu tàbí èyí tó ki. Àwọn ìyá tó ju 2,000 lọ ló dán an wò. Bí ìyá bá mú àwọ̀ tó fúyẹ́, ó ṣòro kí ọmọ náà jẹ́ èyí tó nílò ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo gbóríyìn fún níbí ni ẹni tí wọ́n gbé ìdánwò náà lé lọ́wọ́. Ojú ìyá ni wọ́n dán wò, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé gbára lé.

Oòrùn wá kù. Ní 1956, ní Rochford Hospital ní Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sister Jean Ward tó ń mójú tó àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé máa ń gbé wọn jáde sí oòrùn. Ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà: ibi tí oòrùn kàn lára rẹ̀ ti mọ́, ibi tí aṣọ bò ṣì pọ́n. Láti ibẹ̀ ni Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ẹ̀rọ iná, wọ́n sì kọ ọ́ sínú Lancet ní 1958. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù a máa yí bilirúbìn padà nínú awọ ara sí ohun tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ lè gbé jáde. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń gbé ọmọ sábẹ́ iná. Ìṣòro tiwa kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń ka ìwé yìí: iná ìjọba á lọ, epo jẹnẹrétọ̀ á tán, gílóòbù tó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ á ṣì wà lórí ọmọ, tó ń tàn ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ ti lọ.

Ẹnikẹ́ni á ní: ẹ jẹ́ kí a padà sí oòrùn. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn gbé ohun mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan náà: ìmọ́lẹ̀ búlúù tí a ń wá, ìtànṣán tó ń jó awọ, àti ooru tó lè se ọmọ. Ọ̀rá tíǹtì di asẹ́ tó jẹ́ kí èyí tí a fẹ́ kọjá, tó sì dá púpọ̀ nínú èyí tí a kò fẹ́ dúró. Ní 2013, Vreman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford, pẹ̀lú Slusher àti Olúsànyà, ti wọn oríṣiríṣi ọ̀rá bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi ìkókó kankan sábẹ́ rẹ̀. Ní 2014, wọ́n dán an wò lára ọmọ 227 ní Èkó, bóyá ó léwu. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó wá sí ìdánwò ńlá.

Ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe kọ́ ìdánwò 2015 yìí. Kèké ni wọ́n fi pín àwọn ọmọ: 224 lọ sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n fi ọ̀rá tíǹtì bò, 223 sábẹ́ iná ilé ìwòsàn. Ọ̀rá oríṣi méjì ni wọ́n lò, ọ̀kan fún ọjọ́ tí oòrùn mú, ọ̀kan fún ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Wọ́n ti sọ ṣáájú, kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé, ohun tí wọn yóò pè ní àṣeyọrí: fún ọmọ tí kò tíì ju wákàtí 72 lọ láyé, kí bilirúbìn má fi ju ìdá méjì nínú mẹ́wàá miligíráámù gòkè ní wákàtí kan, fún èyí tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa wálẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ kò bá lo tó wákàtí márùn-ún nínú ìmọ́lẹ̀, wọn kò kà á. Wọ́n sì ti kọ ohun tí wọn yóò kà sí ewu: kí ara ọmọ gbóná jù, kó tutù jù, kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kí oòrùn jó o. Wọn kò fi àyè sílẹ̀ láti tún òfin ṣe nígbà tí èsì bá dé.

Èsì dé. Oòrùn tí a sẹ́ ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọjọ́ ìtọ́jú tí wọ́n lè ṣe ìdájọ́ lé lórí. Iná ṣiṣẹ́ ní ìdá 90. Agbára ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n wọ̀n lábẹ́ àtíbàbà jẹ́ 40, ti iná jẹ́ 17. Ara àwọn kan gbóná kọjá 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lábẹ́ oòrùn, ìdá kan lábẹ́ iná. Wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀ gedegbe. Kò sí ọmọ kankan tí wọ́n ní láti yọ kúrò nítorí ewu, kò sì sí èyí tí wọ́n pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Alátakò tó mọṣẹ́ á ti rí àlàfo kan. Iná tí agbára rẹ̀ jẹ́ 17 kò lágbára púpọ̀. Iná tó le gan-an gbọ́dọ̀ tó 30 ó kéré tán. Ṣé kì í ṣe pé iná tó rọ ni oòrùn dọ́gba pẹ̀lú? Àwọn tó kọ ìwé náà ti rí i ṣáájú alátakò. Ìdí nìyẹn tí Slusher àti àwọn kan lára wọn fi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ní ilé ìwòsàn Bowen, tí wọ́n gbé oòrùn dojú kọ iná tó le, lára ọmọ 174 tí ibà náà ti wọ̀ lára jù. Lancet Global Health gbé e jáde ní 2018. Oòrùn kò rẹ̀yìn. Fún mi, ìwé kejì yìí ló fi ẹ̀rí múlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí.

Àbùkù àtíbàbà náà kò fara pamọ́. Kò sí oòrùn lóru. Òjò a máa rọ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí á máa wọn ìgbóná ara ọmọ, nọ́ọ̀sì kò sì pọ̀. Ọmọ tí bilirúbìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ọpọlọ kò gbọ́dọ̀ dúró de òwúrọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìwé wọ̀nyí ní kí ìyá tẹ́ ọmọ sí oòrùn gbangba nínú àgbàlá, kò kà wọ́n ni.

Láàárín gbogbo èyí, Olúsànyà tún ń kọ irú ìwé mìíràn, tí wọ́n ń fi ìbéèrè ṣe àkọlé. Ní 2009, Owa àti Tinúadé Ògúnlésì ti Ṣàgámù ti bèèrè ìdí tí a fi ṣì ń pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2014, Olúsànyà, Ògúnlésì àti Slusher bèèrè ìdí tí kernicterus fi ṣì ń pa ọmọ tó sì ń sọ wọ́n di aláàbọ̀ ara ní àwọn ilẹ̀ tí kò lówó. Mo gbọ́ ohùn ìbínú nínú “ṣì” náà, ìbínú ẹni tó mọ̀ pé a ti mọ oògùn àrùn yìí láti 1958. Ìdáhùn wọn dá lórí àkókò tó ń ṣòfò: ìyá kò tètè mọ̀, ọ̀nà jìn, ilé ìwòsàn tó dé kò ní ohun ìwọ̀n, ẹ̀jẹ̀ kò tètè délẹ̀.

Ìṣirò àgbáyé ló kàn. Pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ Teeple àti Kassebaum, ní 2018, Olúsànyà fi hàn nínú Pediatrics pé ibà pọ́njú ni ó wà ní ipò keje nínú ohun tó ń pa ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láyé káàkiri àgbáyé. Ṣáájú èyí, ọ̀pọ̀ táblì ikú ọmọdé kì í dárúkọ rẹ̀ rárá; wọ́n á gbá a mọ́ “àwọn mìíràn”. Ní ọdún kan náà ló ṣáájú ẹgbẹ́ ńlá kan tó ka àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ní ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ àti ara ní ilẹ̀ 195. Mílíọ̀nù 52.9 ni wọ́n ní 2016. Ní 1990, mílíọ̀nù 53 ni. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn, iye ọmọ tó ń kú wálẹ̀ gan-an, gbogbo ayé sì yọ̀. Iye àwọn tó yè pẹ̀lú ọgbẹ́ kò yẹ̀. Bíi 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ń gbé ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ adití tí òbí rẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè ní Èkó ló wá kó iye gbogbo ayé jọ báyìí, ohun kan náà ló sì ń sọ níbi méjèèjì: pé kí ọmọ má kú kò tó.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀ wà, àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tó le pẹ̀lú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ní Kúta kò lè kà á. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó tó ń wẹ ọmọ, ẹ̀yin agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá ilé àdúrà: ẹ kó káńfọ̀ kúrò nínú aṣọ ọmọ tuntun, kí ẹ sì jẹ́ kí pàúdà oníméńtọ́ọ̀lù jìnnà sí ara rẹ̀. Ẹ máa gbé ọmọ sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán lójoojúmọ́ láti wo ẹyinjú rẹ̀. Bí ó bá pọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bí i gan-an, ẹ má dúró. Bí ó bá pọ́n dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí kò bá mu ọmú mọ́, bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń tẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má fún un ní omi ìbẹ́pẹ, ẹ má fún un ní omi gúlúkóòsì, ẹ má retí oòrùn òwúrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nípò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire àti Ìwó, ẹ ra ohun tí a fi ń wọn bilirúbìn sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa wo ojú gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbé wá gba BCG.